Ẹja Sàráà fún Ìyá Tí Kò Tíì Kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Aránṣọ ni mí ní Ìkòròdú. Ojú kì í tì mí, ẹnu mi sì mú. Ẹnu náà ló kó bá mi.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Àbúrò mi tó wà lókè òkun lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà ní ohun àjogúnbá kan, tí wọ́n ń pè ní jíìnì, wà lára rẹ̀, tó lè mú kí àrùn ìgbàgbé tètè rí èèyàn mú lọ́jọ́ ogbó. Ó ní kì í ṣe dandan, àmọ́ àwa yòókù àti àwọn ọmọ wa náà lè ní in. Èmi ò gbọ́ "kì í ṣe dandan." Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọn ò ní fẹ́ ọmọ mi mọ́.

Lọ́jọ́ tí Àlàájà, ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ mi, wá láti Ẹ̀pẹ́ wádìí ìdílé wa, mo ti gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ìgbògbò láàárọ̀. Mo kó ìwé jínótáìpù ọmọ mi sílẹ̀: AA. Inú wọn dùn.

"Ìyá yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kí wọn."

Mo ní wọ́n ti kú. Mi ò tilẹ̀ kólòlò.

Àlàájà tẹ́wọ́. "Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn."

Mo ṣe àmín. Ìyá tó bí mi wà láàyè, mo sì ṣe àmín.

Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi kó panu mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti so yìgì, gbogbo oṣù ààwẹ̀ ni Àlàájà ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ láti Ọjà Olúwo, pé kí n fi ṣe sàráà fún ìyá mi. Ìgbògbò, níbi tí ìyá mi ṣì wà, ni mò ń gbé e lọ. Ìyá mi á jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún ẹni tó fi ránṣẹ́.

Àlàájà ti wá pè mí: Sátidé, àwọn fúnra wọn ń bọ̀ wá ṣàdúrà níbi sàréè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bó bá kàn mí, ṣé ọmọ mi náà á sọ fún àlejò pé mo ti kú? Èmi ni mo kọ́ ọ.

Mo ti pinnu. Mi ò ní fi sàréè kankan han Àlàájà, Ìgbògbò ni màá mú wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló sàn: kí n jẹ́wọ́ lójú ọ̀nà, àbí kí n jẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ dúpẹ́ ẹja?