Ẹjọ́ Ilé Tí N Kò Lọ Jẹ́

Alájì Múfútáù, onílé mi ní Ìṣẹ́yìn, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, ní ọjọ́ Jímọ̀ kẹta lẹ́yìn Iléyá, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Èmi ni mo pa á. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, ọjọ́ náà ni mo sì ń retí nínú yàrá yìí.

Ahunṣọ òfì ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni òfì mi fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Nígbà tí akódà kóòtù mú ìwé wá pé onílé fẹ́ gba ilé, n kò fọwọ́ kàn án. Mo gbà pé ẹni tí kò gba ìwé, ẹjọ́ kò lè mú un. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó lọ.

Mo sáré tọ Bàbá Ràbíù, àgbà àdúgbò wa. Ó ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Fi sílẹ̀ fún mi." Ó ránṣẹ́ pe Alájì.

Alájì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni mí. Kó máa hunṣọ ẹ̀ títí a ó fi wa iṣu."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ìdí òfì ni mo jókòó sí. Mo rò pé bí mo bá lọ, mo tàbùkù àgbà. Alájì lọ sí kóòtù ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo wí, òun àti akódà wọlé. Alájì ní, "Wọ́n ti dá a. O ò yọjú. Kó ẹrù ẹ!"

"Alájì, ẹ ṣèlérí níwájú àgbà!"

"Ṣé Bàbá Ràbíù ló ń jẹ́ adájọ́ ni? Aláǹtakùn, wá ògiri mìíràn ta sí!"

Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé òwú orí òfì, aṣọ ẹ̀tù ìyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin. Òkúta tí a fi ń fa òwú le wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo là á mọ́ ọn lórí.

Lọ́yà tí ìjọba fún mi bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Alájì fún yín ní ìwé oṣù mẹ́fà pé kí ẹ kó jáde, kó tó pè yín lẹ́jọ́?"

"Rárá, sà."

"Ọdọọdún lẹ ń san owó ilé, òfin sì ní dandan ni kó fún yín ní ìwé yẹn. Ká ní ẹ lọ, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Kódà lẹ́yìn ìdájọ́ ilé yẹn, ẹ ṣì lè bẹ̀bẹ̀ nígbà náà kí wọ́n tún un gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pa mí ṣáájú okùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìwé kóòtù bá dé, ẹ gbà á, ẹ lọ, ẹ sọ tẹnu yín. Àgbà lè parí ìjà. Kò lè bá yín jẹ́ orúkọ yín níwájú adájọ́. Ẹ̀jẹ̀ Alájì wà lọ́rùn mi, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìlérí dè mí mọ́lé, tí ó sì lọ gba ìdájọ́ lẹ́yìn mi, kí ni ẹ̀bi tirẹ̀? Ẹ bá mi dá a.