Géèmù Tó Pààrọ̀ Aṣọ Láì Wẹ̀

A jókòó sínú mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀kà ní gáréèjì Ìkàrẹ́, à ń retí èrò kan tó kù kí ọkọ̀ kún, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn fún obìnrin àgbà tó jókòó tì í.

"Mà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù yìí jáde. Jẹ́sí nìkan ló máa ń jẹ́ tuntun. Bí a ṣe gbá a ní èṣí náà la ṣì ń gbá a. Wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ ni, wọn ò wẹ̀!"

Dẹ́rẹ́bà gan-an tún un sọ, ó ń rẹ́rìn-ín: "Wọn ò wẹ̀!"

Obìnrin náà ní, "Àbúrò, tá a bá fẹ́ jẹ iṣu tuntun, ṣé a máa ń gbẹ́ odó tuntun ni?"

"Mà, iṣu èṣí gan-an ni wọ́n tún gún fún wa. Àwọn oníbàárà mi ti ń yán."

"Kí wọ́n má yí i padà o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbá a wọlé."

"Ẹ̀yin náà ń gbá a?"

"Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ni, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mi ò nà wọ́n rí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ọ̀mì."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ó dáa. Kí àwọn tó ń ṣe é dúró ná títí ẹ ó fi na bàbá."

"O ṣeun. Tí mo bá ti nà wọ́n, lọ́jọ́ kejì ni kí àwọn tó ń ṣe é yí gbogbo ẹ̀ padà, kí bàbá má baà rí ọ̀nà gbẹ̀san."