Òkè Tí Mo Kọ̀ Láti Nawọ́ Sí

Kùrukùru ọyẹ́ bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan da omi ògì sójú ọ̀run. Bí mo bá na ọ̀pá tí mo fi ń ká obì sókè, mi ò rí orí rẹ̀ mọ́. Inú ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń rántí rẹ̀ báyìí. Oṣù mẹ́ta ni adájọ́ dá fún mi, mo sì ti lo ọ̀kan nínú rẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ẹ bá mi fara dà á.

Àkáká ni mò ń gbé, mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Oko obì mi wà nísàlẹ̀ odò. Lódìkejì odò ni òkè kan wà, olókùúta, onígbó dídí, tí èèyàn kì í dédé gùn. Orí rẹ̀ ni oko Alhája Mulíkà wà. Ẹgbẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi ni, Sábó ló ti ń ta obì. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí obì rẹ̀ kan tí omi gbé wá sétí oko mi. Mo ṣà á. Ta ni ò ní ṣà á? Nígbà tó yá, mo sọdá lọ ṣa èyí tó bọ́ sídìí igi. Nígbà tó tún yá, mo mú ọ̀pá dání lọ. Bí olè ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í kánjú.

Orí òkè yẹn ni mo wà lọ́jọ́ náà tí mo gbọ́ ariwo lókè orí mi. Hẹlikọ́pítà ni, irú èyí tí àwọn olówó máa ń háyà. Ó wó igi lulẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín àpáta. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan: "Ẹ gbà wá o."

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo sá.

Nílẹ̀ wa, a mọ igi obì mọ́ olóhun rẹ̀ bí a ṣe mọ ọmọ mọ́ ìyá. Bí mo bá pariwo, wọn á bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ìlú, mo pàdé àwọn ọdẹ, àwọn ọlọ́kadà àti ọlọ́pàá. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìró, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti oko bọ̀, apá ibo ló já sí?"

Mo nawọ́ sí oko ara mi. "Apá ibẹ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ ọ."

Wọ́n wá a títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹ̀gún ya wọ́n lára. Wọ́n gbé bẹ́ńṣì fún mi, mo jókòó. Alhája dé láti Sábó, ó kó búrẹ́dì àti omi tútù wá fún wọn. Ọlọ́pàá kan bi í léèrè bóyá ọ̀rọ̀ mi ṣeé gbà gbọ́.

"Ọmọ mi, obìnrin yìí ò mọ irọ́ pa. Bó bá ní oko òun ni, oko rẹ̀ ni. Ẹ padà síbẹ̀."

Wọ́n ti ń dìde nígbà tí mo lanu. "Alhája, orí òkè rẹ ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ojú mi ló rí i."

"Kí lo wá lọ ṣe lórí òkè mi ní kùtù hàì?"

"Obì rẹ ni mo lọ ká."

Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ra oògùn kòkòrò sí oko yẹn. Àṣé kòkòrò ọ̀hún ń ró ìró, ó ń wé gèlè." Ó yíjú sí àwọn ọdẹ. "Kí lẹ tún ń wò? Ẹ tẹ̀ lé olè, ó mọ ọ̀nà."

Mo ṣíwájú wọn. Ààyè la bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, awakọ̀ àti tọkọtaya kan. Orúnkún awakọ̀ ti fọ́, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Màmá, mo rí yín láàárọ̀ tẹ́ ẹ ń sáré. Mo sọ fún àwọn wọ̀nyí pé kí wọ́n má sunkún mọ́, ìyá kan ti lọ pe èèyàn wá."

Ọ̀rọ̀ kan ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Orin ni wọ́n fi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Èmi olè náà ń gbè é. Àwọn ọlọ́pàá bá àwọn tó fara pa lọ sí ọsibítù, wọn ò rántí mi. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn, ṣùgbọ́n dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé ni, awakọ̀ ì bá má tiro. Nítorí ẹsẹ̀ yẹn, nígbà tí lọ́yà ní kí n sọ ní kóòtù pé mi ò jẹ̀bi, mo ní mo jẹ̀bi. Awakọ̀ fi ọ̀pá rìn wá wò mí níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Màmá, bí mo bá tún máa já bọ́, oko yín gan-an ni màá já sí." Àwọn wọ́dà rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun kékeré tí ẹ̀ ń fi pa mọ́ lè mú kí ẹ fi èèyàn sílẹ̀ kó kú. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ tètè sọ ọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Ó ti bá mi, mo ṣì ń mí, oorun àsùnwọra sì ni mò ń sùn lórí ẹní ìjọba.

Lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá yẹn, mo gun ọ̀kadà lọ kan ilẹ̀kùn Alhája. Mo ní kó mú mi lọ fún ọlọ́pàá. Ó ní, "Ọlọ́pàá ò lè jẹrà. Obì mi ló máa jẹrà." La bá jọ gun òkè náà. Mo fi gbogbo igi tí mo jí ká hàn án níkọ̀ọ̀kan, ó ń bú mi nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì jọ ká èyí tó kù. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kún, mo rù ú sọ̀ kalẹ̀ fún un, mo ṣan ẹsẹ̀ mi, a sì forí lé àgọ́ ọlọ́pàá.