Apá Kẹta Orin Adamastor

Ẹ̀yin ará Engenho da Rainha, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ kú ìbànújẹ́, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tí oòrùn ń pa níta lọ́hùn-ún, ẹ wọlé, ẹ fún ara yín láyè. Kọfí ṣì wà nínú fíláàsì. Mi ò ní pẹ́, torí aago mẹ́rin ni wọ́n máa pa pósí dé, àwọn tó máa gbé e sì ti ń wo aago ọwọ́ wọn.

Èmi ni Juvenal káfíńtà. Ọdún mọ́kànlélógójì ni èmi àti Adamastor Quintela fi jókòó, orúnkún sí orúnkún. Òun ń ta gìtá, èmi ń ta cavaquinho, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin yìí. Ẹ rò pé ẹkún nìkan ló wà lọ́kàn mi. Ẹkún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti àárọ̀, màá sì sọ ohun tó fà á fún yín kí n tó jókòó, bí ẹnu mi bá lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó sùn síbí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n ní apínlẹ́tà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi rin òkè àti ìsàlẹ̀ àdúgbò yìí, àpò lẹ́tà ní èjìká. Ẹnu ìrìn yẹn ló ti ń ṣe orin. Bó bá ń fi ìka lu àpò bọ̀, ẹ má wulẹ̀ kí i, kò ní dáhùn. Ẹ rántí ọjọ́ tó fún alápatà ní lẹ́tà ìfẹ́ tí wọ́n kọ sí tíṣà? Alápatà gbé e wá bá a nílé, ó ń fìbínú sọ̀rọ̀. Adamastor wò ó, ó ní, "Ṣebí o kà á tán kó o tó bínú?"

Olóríkunkun ni. Ṣọ́ọ̀bù Nélio onígbàjámọ̀ la ti máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, kò sì jẹ́ kí ìwé orin kankan dórí tábìlì wa rí. Kó o tó jókòó, wàá kó fóònù rẹ sínú dúrọ́ọ̀ tí abẹ wà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti yunifásítì, ó fẹ́ kọ àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀. Adamastor ní, "Jókòó, tẹ́tí. Bó o bá ti gbọ́ ọ, o ti kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn." Ọmọ náà gbìyànjú fún Sátidé méjì. A ò rí i mọ́.

Ọdún tí ẹ̀rọ ìrẹ́gi gé ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì mi, mo gbé cavaquinho mi fún ìyàwó mi pé kó bá mi tà á. Lẹ́yìn oṣù méjì, Adamastor wá sílé. Ó ní, "Dìde." Mo ní, "Pẹ̀lú ìka wo?" Ó ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè ìka?" A lọ. A bẹ̀rẹ̀. Gbogbo orin tí mo rò pé mi ò ní lè ta mọ́ láyé, mo ta á. Mo sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ó tó ọdún mẹ́ta kí Dirce afunfèrè wa tó là mí lójú: láàárín oṣù méjì yẹn, Adamastor ti tú gbogbo orin rẹ̀ palẹ̀, ó ti tún wọn tò kí ẹni tí ìka mẹ́ta péré kù fún láti fi tẹ okùn lè máa bá wọn lọ. Kò sọ fún mi rí. Ó kú láì sọ fún mi.

Ó dáa. Mo ti sá fún ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn tó.

Ẹ mọ̀ pé ó ṣe orin kan fún Olímpia ìyàwó rẹ̀, tó máa pé àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Olímpia mọ̀ pé orin náà wà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí àìsàn dé, Adamastor ní bí òun ò bá ní dé ọjọ́ yẹn, ká ta á fún un níbi òkú òun, kí wọ́n tó pa pósí dé. Ohun tó mú Olímpia jókòó síwájú bẹ́ẹ̀ yẹn nìyẹn, tó ń retí wa.

Apá mẹ́ta ni orin choro, irú orin tí à ń ta yìí, ní. Wọ́n á ta apá kìíní, wọ́n á ta ìkejì, wọ́n á padà sí ìkíní, wọ́n á wá lọ sí ìkẹta, ibi tí ẹni tó ṣe orin ti máa ń tú inú rẹ̀ síta, kí wọ́n tó padà wá parí ẹ̀. Apá kìíní wà lọ́wọ́ mi. Ìkejì wà lẹ́nu Dirce. Apá kẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Adamastor ta á, ní Sátidé tó ṣáájú àìsàn rẹ̀. Láàárín àwa olórin yìí, ìtìjú ńlá ni kéèyàn béèrè nǹkan. Ẹni tí kò mọ̀ á na etí, á máa wo ìka ẹnìkejì. Ó ta á tán, ó ní, "Ṣé ẹ ti mú un?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, torí mo rí i pé Dirce mi orí. Dirce mi orí, torí ó rí mi. Nélio mi orí torí pé òun ló ń lu pandeiro, ìlù ọwọ́ wa, ó sì máa ń mi orí sí gbogbo nǹkan.

Ní Tọ́sìdeè mo lọ wò ó ní ọsibítù. Ó di ọwọ́ mi mú. "Juvenal, apá kẹta yẹn, ṣé ó wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, pátápátá."

Mo ti rò ó pé bí kò bá sí lọ́wọ́ mi, ó wà lọ́wọ́ Dirce. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa nígbà yẹn," ó sì sùn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Láàárọ̀ yìí, àwa mẹ́ta pàdé ní ṣọ́ọ̀bù láti dánra wò. A dé ẹnu apá kẹta, gbogbo wa dúró.

"Dirce, bọ́ sí i."

"Èmi kẹ̀? Bàbá Juvenal, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní i!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ mi orí!"

"Ìwọ náà mi orí!"

Nélio ní, "Ẹ má wo èmi o. Irun ni mo mọ̀ ọ́n gẹ̀."

Dirce ń sunkún, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan míì dí i. Ta ló máa mọ̀? Màmá Olímpia ò gbọ́ ọ rí." Mo sì gbà, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbà. Wákàtí méjì la fi ṣe apá kẹta tiwa, ó sì dùn. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ẹ̀yin ìbá pàtẹ́wọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á máa ta á káàkiri, wọ́n á ní ohun tí Adamastor ní lọ́kàn sí ìyàwó rẹ̀ nìyí, bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́ta la hùmọ̀ ọ nídìí dígí onígbàjámọ̀.

Dirce, fi ṣẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́.

Olímpia, ìwọ ni mò ń bẹ̀rù. Mo parọ́ fún ọkọ rẹ lórí ibùsùn ikú, ó sì kù díẹ̀ kí n parọ́ fún ọ lójú òkú rẹ̀. Apá kẹta ti lọ. Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó o bá ní kí n jáde, màá jáde. Bó o bá bú mi, ó tọ́ sí mi.

Ẹ dákẹ́ ná, ó ń sọ̀rọ̀. Kí lo wí? Ohùn rẹ ò dé ẹ̀yìn, jẹ́ kí n bá ọ tún un sọ.

Ó ní, "Juvenal, òmùgọ̀ ni ọ́, òmùgọ̀ sì ni ọkọ mi tó gbà ọ́ gbọ́."

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú.

Ó ní, "Ẹ ta èyí tẹ́ ẹ ní. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tó kù, ẹ má fi nǹkan kan dí i. Ẹ dákẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, bí orin bá ń bọ̀ lọ́kàn rẹ̀, á gbé ṣíbí dúró lórí oúnjẹ, á dákẹ́. Mo mọ bó ṣe ń dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ẹ bá mi sún àga wá. Dirce, nu ojú ẹ.

Adamastor, ọ̀rẹ́ mi, máa lọ. Kí òkè má ga jù fún ọ, kí ajá kankan má lé ọ lọ́nà, kí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn kó o tó kàn án. Dárí irọ́ mi jì mí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Bá a bá dákẹ́, tí ibẹ̀ sì ṣófo lóòótọ́ ńkọ́? Ṣùgbọ́n Olímpia ti sọ̀rọ̀. Bá a bá ti dé ẹnu apá kẹta, Nélio nìkan ló máa lu pandeiro rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi á gbé ọwọ́ kúrò, Dirce á gbé ẹnu kúrò.

Níbẹ̀, Adamastor, ó kàn ọ́.