Omi Gbígbóná Tí Mo Da Irúgbìn Wọn Sí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì gégùn-ún fún mi. Mo ti darúgbó sí Ìkàrẹ́ níbí. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń pè láti bá wọn parí rẹ̀, wọ́n ní olóòótọ́ ni mí. N kì í ṣe olóòótọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú, ṣùgbọ́n ohun tí Sùnmọ́nù wá bá mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè jókòó lójú kan mọ́.

Lẹ́yìn tí òyìnbó dá ogun Tápà dúró, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ láti Bídà, ìlú àwọn Tápà. Abúlé tí àwọn kan ti wá ti di igbó. Àwọn àgbà Ọ̀kà fún wọn nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí oko ibẹ̀ kò bá ṣe dáadáa, àwọn yóò gba ilẹ̀ àwọn padà. Sùnmọ́nù wà lára wọn, òun àti Lásísì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé bàbá wọn.

Oko mi kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ń bá mi roko, wọ́n ń bá mi kọ ebè, mo sì ń fún wọn níṣu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: n kò nà wọ́n, n kò bú wọn rí. Bí oko mi ṣe ń gbòòrò ló dùn mọ́ mi.

Nígbà tó yá, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ránṣẹ́ pè wá. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní a kò lè máa bọ́ àwọn èèyàn yìí títí, kí á fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi bọ́ ara wọn. Wọ́n kó irúgbìn kòkó lé mi lọ́wọ́, nítorí mo ti gbin díẹ̀ rí, pé kí n pín in fún wọn, kí n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń gbìn ín. Inú Lásísì dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí èyí bá hù, a ò ní fi ọ̀rọ̀ iṣu dà yín láàmú mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ta ni yóò wá máa bá mi roko?

Mo gbé omi kaná. Mo da irúgbìn náà sínú rẹ̀, mo sì sá a díẹ̀ kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, kí wọ́n má baà fura. Ìyàwó mi béèrè ohun tí mo ń sè, mo ní oògùn kòkòrò ni. Mo pín in fún wọn. Mo tún dúró tì wọ́n, mò ń fi bí wọn yóò ṣe gbìn ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn wọ́n.

Ẹyọ kan kò hù. Wọ́n bu omi wọ́n ọn títí. Sùnmọ́nù a máa fi ìka tú ilẹ̀ wò. Àwọn àgbà Ọ̀kà ní oko ẹrú ti ba ọwọ́ wọn jẹ́, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà padà. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Àwọn kan gba ọ̀nà ìlú Ìpè lọ, àwọn kan gba ọ̀nà Ìfira. Lásísì ní òun yóò padà sí Bídà, sọ́dọ̀ ẹni tó ra òun lẹ́rú, pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Mo di iṣu fún un pé kó máa jẹ ẹ́ lọ́nà. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Sùnmọ́nù kò lọ. Ó bá mi roko títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé obì wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, àgbà ẹbí ló sì yẹ kó jókòó gba àwọn àna. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní Lásísì wà ni, òun ni ǹ bá pè. N kò lẹ́nìkan mìíràn. Ẹ wá bá mi ṣe é."

Mo gba obì náà.

Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un báyìí, kí n ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́? Àbí kí n jókòó sí àyè Lásísì, kí n máa ṣe àmín sí àdúrà wọn? Mo ti ya apá kan oko mi sọ́tọ̀ fún un, ibi tí kòkó ti ń so. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un láìsọ ìdí rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ fún mi, yóò máa dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí kò fi ní dọ̀bálẹ̀ fún mi?