Orin Gèlè Sìdíkàt ní Láíbìrì

[Ariwo èrò. Àga ń wọ́ nílẹ̀. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì lókèèrè.]

MUNIRAT: Hẹ̀lóò, Màmá. Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé ẹ wà dáadáa? Ara ńkọ́?

ÀYỌ̀KÁ: Munirat, ọmọ ọmọ mi. Ara dá ṣáṣá. Mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Ṣé o ti jẹun? Àbí ìwé náà lẹ tún ń jẹ ní láíbìrì yẹn?

MUNIRAT: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí network tó lọ. Ẹ rántí àwọn tí mo mú wá bá yín l'Ọ̀tọ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n gba ohùn yín sílẹ̀ —

ÀYỌ̀KÁ: Dókítà tí kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ yẹn? Tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó tó fọwọ́ kan agbọ̀n ẹja mi, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí fún un?

MUNIRAT: Dókítà Kọ́láwọlé. Ọ̀gá wa ni, Màmá. Òní ni wọ́n ń ṣí exhibition náà. Àwòrán yín wà lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn.

ÀYỌ̀KÁ: Wọn ò sì pè mí.

MUNIRAT: Wọ́n ní àga ò tó.

ÀYỌ̀KÁ: Àwòrán mi ráyè, ìdí mi ò ráyè. Ó dáa.

MUNIRAT: Màmá, orin yín ń dún nínú headphone níbí. Èèyàn ń tò láti gbọ́ ọ. Àárọ̀ yìí lèmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì gbà á létí mi. Orin wo lẹ kọ fún wọn gan-an?

ÀYỌ̀KÁ: Ṣé ó dùn?

MUNIRAT: Màmá —

ÀYỌ̀KÁ: [ó ń kọrin]
Ẹ wá wo gèlè o, gèlè ń rùn,
Gèlè yìí lójú, gèlè yìí nírù,
Ẹ bá mi bi í, aṣọ ni àb'ẹ́ja ni?

MUNIRAT: Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Òun náà ni. Dókítà ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán yín pé ẹkún ìyàwó ni. Pé ìyàwó ló ń dágbére fún ìyá ẹ̀.

[Ẹ̀rín gígùn.]

ÀYỌ̀KÁ: Ìyàwó wo ló ń fi ẹja dágbére? Àwọn tó kàwé títí ojú wọn fi nílò fèrèsé méjì, wọn ò mọ èébú yàtọ̀ sí ẹkún? Mo sọ fún un o. Mo ní, “Dókítà, èébú lèyí.” Ó ní, “Màmá, ohùn yẹn ń ṣe mí láàánú.” Mo ní kò burú. Praimárì kejì lèmi ti kúrò, ta ni mo fẹ́ bá jiyàn.

MUNIRAT: Nírọ̀lẹ́ wọ́n á tún ṣe workshop lé e lórí. Ogójì ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀ láti Ìbà wá kọ́ ọ.

ÀYỌ̀KÁ: Ogójì? Sìdíkàt ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí mo fi orin yẹn bú, o rí ayé ẹ.

MUNIRAT: Kì í ṣe ẹ̀rín, Màmá. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìwé yẹn, kì í ṣe ti Dókítà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀYỌ̀KÁ: Mo gbọ́ ẹ. Kí ló wá burú níbẹ̀? Sìdíkàt ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ta ló kù tó mọ̀ pé ọjọ́ ìkómọ ìyá ẹ ló kó ẹja díndín mi mẹ́ta sínú gèlè, tó tún fi orí kan náà kúnlẹ̀ ṣàdúà?

MUNIRAT: Ọmọ ẹ̀ kù.

ÀYỌ̀KÁ: Ràsákì? Ti Igbó-Elérin?

MUNIRAT: Alhaji Ràsákì ni àlejò pàtàkì wa lónìí. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ yunifásítì wa báyìí. Ìgbìmọ̀ yẹn ló máa pinnu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bóyá kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe contract, Màmá.

ÀYỌ̀KÁ: Ràsákì tí mo máa ń nu ikun nímú ẹ̀ ló di ìgbìmọ̀. Ayé yìí ò lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

MUNIRAT: Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹsẹ̀ mélòó lẹ kọ? Ẹsẹ̀ kìíní ò dárúkọ ẹnì kankan. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan —

ÀYỌ̀KÁ: Méje. Ìkẹta lorúkọ ẹ̀ wà. Ìkẹrin ni mo ti kan ọkọ ẹ̀. Ìkarùn-ún — [ó rẹ́rìn-ín] ìkarùn-ún yẹn dùn.

MUNIRAT: Mo dáràn.

ÀYỌ̀KÁ: Fa wáyà ẹ̀ yọ.

MUNIRAT: Inú gíláàsì ni wọ́n tì í mọ́. Ọwọ́ Dókítà ni kọ́kọ́rọ́ wà, Dókítà sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ẹ jẹ́ àpótí ìmọ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́.

ÀYỌ̀KÁ: Èmi? Dákẹ́? Gbogbo Ọ̀tọ̀-Àwórì ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

MUNIRAT: Màmá, ẹ dúró. Alhaji ti dìde. Ó ń lọ síbi headphone. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀYỌ̀KÁ: Ohùn ẹ ń — ó ń já. Kí ló ń ṣe?

MUNIRAT: Ó ti fi sétí. Ó ń mirí. Dókítà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn... Ó ti ṣíwọ́ orí mímì.

ÀYỌ̀KÁ: Ìkẹta nìyẹn.

MUNIRAT: Ó ń wo àwòrán yín.

ÀYỌ̀KÁ: Ìkẹrin.

MUNIRAT: Ó ti yọ ọ́. Ó ń bi Dókítà pé ta ló kọ ọ́ pé ẹkún ìyàwó ni. Màmá... Dókítà nawọ́ sí mi.

ÀYỌ̀KÁ: Ọ̀dàlẹ̀ oníbọ̀wọ́. Gbé fóònù fún Ràsákì.

MUNIRAT: Màmá, mi ò lè —

ÀYỌ̀KÁ: Mo ní gbé e fún un. Ìwọ kọ́ lo kọrin.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ariwo èrò rọlẹ̀.]

RÀSÁKÌ: Hẹ̀lóò. Ta nìyẹn?

ÀYỌ̀KÁ: Èmi ni, Ràsákì. Àpótí tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo bú ìyá ẹ, mo sì sọ fún dókítà yín pé èébú ni. Tí o bá fẹ́ bínú, wá bínú l'Ọ̀tọ̀. O mọlé.

RÀSÁKÌ: Ẹ káàsán, Ìyá.

ÀYỌ̀KÁ: Ẹn.

RÀSÁKÌ: Ẹja méjì ni.

ÀYỌ̀KÁ: Kí lo wí?

RÀSÁKÌ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Méjì ni ìyá mi kó, kì í ṣe mẹ́ta. Èmi ni mo jẹ ọ̀kan, kí n má purọ́. Títí tí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ ọ́, pé Àyọ̀ká fi ọ̀kan kún un kí orin ẹ̀ lè gùn.

ÀYỌ̀KÁ: Mẹ́ta ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dín wọn.

RÀSÁKÌ: Wọ́n fi èsì sílẹ̀ fún yín. Àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n ráyè wá kọ ọ́. Èmi ni wọ́n fi kọ́.

[Ọ̀bẹ tó ń rẹ́ ilá dúró.]

ÀYỌ̀KÁ: Sìdíkàt fi èsì sílẹ̀?

RÀSÁKÌ: Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. [ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́] Dókítà, ẹ ká ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ òmíràn, òun ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. [ó húkọ́] Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀYỌ̀KÁ: Mo ń gbọ́. Kọ ọ́. Jẹ́ n gbọ́ irọ́ tó pa.

RÀSÁKÌ: [ó ń kọrin]
Àyọ̀ká dínja, ẹja ẹ̀ jóná,
Mo fi gèlè bo àṣírí ọ̀rẹ́ mi,
Kí àlejò má bàa fi í —

ÀYỌ̀KÁ: Jóná? Ẹja ta ló jóná? Ràsákì, dúró níbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ yẹn. Ẹsẹ̀ kẹjọ rèé. [ó ń kọrin]
Sìdíkàt, o lọ, o ò dúró gbèsì,
Bẹ́ja bá jóná, kí lo wá ń lá nínú —

[Fóònù já.]