Ìrẹsì Ìkómọ Tí N Kò Jẹ

Alága wa, Alhaji Nùrẹ́nì, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ìṣẹ̀rí-Olófin, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Agnes Ilésanmí, ọmọ Èkìtì tí ẹ gbà mọ́ra, mo wá dágbére iṣẹ́ fún yín. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ jàre, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán ná.

Ó ti tó ọdún méjìlá tí wọ́n yọ kókó kan lábẹ́ etí mi, níbi tí itọ́ ti ń sun. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Háà, ayọ̀ pọ̀! A jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣe ìdúpẹ́. Dókítà ní kí n máa wá lọ́dọọdún kí wọ́n máa yẹ̀ mí wò. N kò lọ. Ẹni tó ti dúpẹ́ lójú ìjọ, kí ló tún ń wá lọ sí ilé ìwòsàn? Ṣé kí wọ́n ní n kò gba Ọlọ́run gbọ́ ni?

Ọgbẹ́ jinná, àmọ́ bí mo bá ti ń jẹun báyìí, òógùn á bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún, á máa kán sínú àwo. Wọ́n ní iṣan tó ń pe itọ́ jáde ló ṣìnà wọ inú awọ. Ojú tì mí, n kò jẹun lójú èèyàn mọ́. Ẹ ní Mísìs Ilésanmí ń gbéraga. Ẹ ò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ló jọ.

Morónkẹ́, ìwọ tí kíláàsì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lọ́jọ́ ìkómọ Testimony ọmọ rẹ, ọwọ́ ara rẹ lo fi bu ìrẹsì fún mi. Mo bò ó, mo dìde. O ní, "Àǹtí Agnes, ṣé ẹ rò pé mo fi májèlé sí i ni?" Láti ìgbà náà, ẹ káàárọ̀ lásán ló kù láàrin wa. Ó dùn mí wọra, mo sunkún délé.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Kókó náà ti padà, ó ti di púpọ̀, wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà kò tàn mí: iṣan tó ń gbé ojú àti ẹnu wà láàrin wọn, ó ṣeé ṣe kó bá wọn lọ. Ojú mi lè má pa dé mọ́, ẹnu mi lè wọ́. Ẹnu tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní A, B, D ni o! Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí ẹ bá pàdé mi ní Igando tí n kò rẹ́rìn-ín, ẹ má tún pè é ní ìgbéraga.

Ọlọ́run ò ní sọ ìdúpẹ́ wa di ẹkún. Ẹni tí dókítà ní kó padà wá, á rántí padà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ò ní dahoro, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ.

Morónkẹ́, mo gbọ́ pé ìwọ lo se ìrẹsì tó wà lórí tábìlì yẹn. Bù ú wá. Ìṣojú gbogbo yín ni màá ti jẹ ẹ́. Bí omi bá ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ẹ má bẹ̀rù, òógùn ni. Èyí tó bá ti ojú wá nìkan lẹkún.

Ẹ ṣé o.